Ìgbòkun Àpò Ìrẹsì

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ̀yin ará Ìhunbọ̀ ti ń bi mí pé báwo ni Àjàṣẹ́, báwo ni ọ̀sà wọn, kí la jẹ, ṣé lóòótọ́ ni a gba ipò kẹta. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní ó dáa. Irọ́ ni mo ń pa. Kò dáa. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi lónìí, mi ò rán nǹkan kan, mo mú ìwé, kí n kọ bó ṣe rí gan-an, kí ẹ lè fi mí sílẹ̀.

Sìdí ni mí. Ọmọ Ìhunbọ̀ ni mí, Ìlaró ni mo ti ń ránṣọ. Màmá mi ni ẹ̀ ń pè ní Ìyá Onírẹsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà pa ni kò ti rí ìrẹsì tà mọ́, tó sì ti padà sídìí láfún tí ìyá tirẹ̀ náà ṣe.

Okùn

Ẹni tó kó ẹgbẹ́ wa jọ ni Ẹ̀gbọ́n Lékan, tíṣà kan ní Ìlaró tó ti gbé Àgbádárìgì rí, tó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìgbòkun wa ọkọ̀ níbẹ̀. Kápẹ́nì là ń pè é, ó sì fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Àwọn ará Àjàṣẹ́, lápá ti Bẹ̀nẹ̀, máa ń ṣe eré ìje kan lórí ọ̀sà wọn. Òfin rẹ̀ kò ṣòro: èèyàn mẹ́fà nínú ọkọ̀ kan, ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin mẹ́ta. Àwọn onílé ló ń pèsè ọkọ̀, ṣùgbọ́n ìlú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ìgbòkun tirẹ̀ wá, èyí tí àwọn èèyàn rẹ̀ fọwọ́ ara wọn rán.

Ìyẹn ló gbé Kápẹ́nì dé ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti wá aṣọ tó nípọn títí, kò rí. Èmi ni mo rántí àwọn àpò ìrẹsì òkèèrè tó kún yàrá màmá mi, àpò òfìfo tó ti ń kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo tú wọn, mo gé wọn, mo rán wọn ní ìlọ́po méjì, mo fi aṣọ àpò fùláwà tẹ́ àárín wọn, mo wá fi okùn tó nípọn gba etí rẹ̀ yí ká. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rán an, abẹ́rẹ́ mọ́kànlá ló sì kán mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo parí, mo ká a, mo gbé e lérí, mo gbé e lọ sẹ́yìn mọ́tò Kápẹ́nì. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Sìdí, ṣé o lè wẹ̀? Obìnrin kẹta là ń wá."

Báyìí ni mo ṣe di awakọ̀. Ẹ má rò pé wọ́n rí nǹkan kan lára mi o. Iye obìnrin ni kò pé.

Lápá Ìpókíà la ti ń kọ́ṣẹ́ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Kápẹ́nì ń tọ́ ọkọ̀. Wàsíù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé irin láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí apá rẹ̀ tóbi ju itan mi lọ, ló kọ́kọ́ ń di okùn mú. Èmi àti Àlàbá, tó ń dirun ní ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀bù mi, ń gbọ́n omi. Àwọn méjì tó kù, tọkọtaya ni wọ́n, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn ò sì ní pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé okùn náà, torí òun ni gbogbo ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò. Ẹni tó bá di okùn mú ló ń fa ìgbòkun mọ́ra tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ jẹ́jẹ́, òun náà ló sì ń dẹ̀ ẹ́ tí ìjì bá dé. Bí kò bá fà á tó, ọkọ̀ ò ní rìn. Bí kò bá tètè dẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á dojú dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ le, Kápẹ́nì ní kí olúkúlùkù di í mú, ká fi ọkọ̀ yí igi kan tó wà nínú omi po. Wàsíù bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó di ìyípo kẹta, apá rẹ̀ ti ń gbọ̀n, omi sì ti ń wọlé. Nígbà tó kàn mí, mo jókòó, mo ti ẹsẹ̀ mọ́ pákó, mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀, mo fi ọkọ̀ yí igi náà po ní ìgbà márùn-ún. Kì í ṣe oògùn. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko. Mo mọ̀ pé tí ẹrù bá fẹ́ yẹ̀ lórí èèyàn, o ò gbọdọ̀ bá a jà, wàá tẹ̀ lé e díẹ̀ kó o tó fà á padà. Wàsíù ń fi apá nìkan fà á, èmi ń fi gbogbo ara.

Kápẹ́nì sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé Sìdí ló máa di okùn ní Àjàṣẹ́. Mo délé, mo sọ fún màmá mi. Mo sọ fún àwọn oníbàárà mi, títí kan àwọn tó wá bá mi jà nítorí aṣọ wọn tí mi ò tíì rán. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, kò sì sí ẹni tó tíì yàn mí sípò kankan lójú èèyàn rí. Inú mi dùn débi pé ó ń tì mí lójú.

Igbó

Ẹ̀yin náà mọ bí bọ́dà ṣe rí, mi ò ní fi ìyẹn dá yín lágara. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ́wọ́ òfìfo, wọ́n ṣì ń jẹ́ kó kọjá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò sí ẹrù tí wọn ò ní tú. Ìhunbọ̀ la ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kí Kápẹ́nì tó ṣí etí ìgbòkun náà wò, tí lẹ́tà pupa gàdàgbà gàdàgbà sì yọ sí i: ìrẹsì, ìrẹsì, ìrẹsì, láti òkè dé ilẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n ń lé èèyàn kiri nítorí ìrẹsì, àwa la fi àpò ìrẹsì òkèèrè bí ọgọ́ta rán ìgbòkun, tá a tún fẹ́ gbé e gba iwájú kọ́sítọ́ọ̀mù. Wọ́n á ní a fẹ́ lọ rọ ìrẹsì kún inú wọn bọ̀ wálé ni. Ó lé ní oṣù méjì tá a fi ń wo lẹ́tà yẹn lórí omi, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó rí i. Ọmọ bọ́dà ni gbogbo wa. Àpò ìrẹsì ti mọ́ wa lójú jù.

Ó wá di pé ká gba inú igbó. Mi ò sì mọ ìgbà tó di pé èmi ni mo máa rù ú. Kápẹ́nì ní ọkùnrin tó bá ru ẹrù nínú igbó lásìkò yìí, fàyàwọ́ ni wọ́n á pè é, wọ́n sì lè yìnbọn fún un. Obìnrin tó bá ru ẹrù, ọjà ló ń lọ, ta ló máa wò ó. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Mo ká òṣùká láti ara ìborùn mi, Àlàbá àti ìyàwó inú tọkọtaya yẹn bá mi gbé e rù, a sì mú ọ̀nà pọ̀n. Kápẹ́nì gbé àpò ìwé ẹgbẹ́. Wàsíù ò gbé nǹkan kan. Nígbà tó ní kí òun gbà á fún mi díẹ̀, Kápẹ́nì ní kó má ṣe fi apá rẹ̀ ṣòfò. Mo gbọ́ ọ. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i nínú ara mi, torí mo rò pé apá tèmi la fẹ́ lò.

Èmi àti Àlàbá ń gbà á lọ́wọ́ ara wa. Ìgbòkun náà wúwo tó àpò gàrí, ó sì tún gùn, ó ń kọ́ ewéko. Ní ibì kan tí ọ̀nà ti fún, ọmọ kọ́sítọ́ọ̀mù kan yọ sí wa láti ìdí igi, ó ti rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Àwọn ọkùnrin wa ti jìnnà sẹ́yìn. Ó bi mí pé kí ni mo rù. Mo ní ohun tí màmá mi ń sá láfún sí ni. Ó fi ọwọ́ kan etí rẹ̀, ó rí lẹ́tà pupa, ó tẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Àpò òfìfo lẹ fi ń pa ọrùn yín báyìí?" Mo ní iṣẹ́ la ò rí, sà. Ó yà fún wa. Lẹ́yìn ìgbà tó ti lọ tán ni Kápẹ́nì dé, tó ní mo gbìyànjú.

Àjàṣẹ́

Ilé tí wọ́n fi wá wọ̀ ní Àjàṣẹ́, ti obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Rafíátù ni. Yorùbá ni ìran rẹ̀, Yorùbá náà ló ń sọ, àmọ́ Faransé àti Ògù, èdè àwọn Ègùn, máa ń gba inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá láìkan ilẹ̀kùn. Bá a ṣe wọlé, kò bi wá léèrè nǹkan kan. Ó bu omi sínú igbá, ó mu díẹ̀ níbẹ̀ lójú wa, kó tó gbé e fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí gbogbo wa mu tán ló tó ní, "Ẹ kú àbọ̀. Ṣé àlàáfíà lẹ bá dé?" Mo fẹ́ràn ìwà yẹn. Níbí, a máa ń ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè nígbà tí òùngbẹ ṣì ń gbẹ àlejò.

Àkàsà, ẹ̀kọ tiwọn, ló fún wa, tó wé nínú ewé, pẹ̀lú ẹja dídín àti ata tí wọn ò sè. Ẹja tó tóbi jù ló fún Kápẹ́nì. Ó wo apá Wàsíù, ó fi èyí tó tẹ̀ lé e fún un, ó ní kó jẹun dáadáa, òun ló ní okùn lọ́jọ́ eré. Mo gbé ojú sókè, mo ń retí kí Kápẹ́nì tún un ṣe. Ó ń yọ egungun ẹja. Wàsíù wò mí, ó wolẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ebi ló ń pa á.

Lọ́jọ́ kejì mo bá Ìyá Rafíátù lọ sọ́jà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àlejò ni mí. Obìnrin kan tó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó gbọ́ ohùn mi, ó sì bi mí bóyá ará Nàìjíríà ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó na ọwọ́ sí òkìtì ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan tó ti ń rà lẹ́yìn rẹ̀, tí eṣinṣin bò. Ó ní tiwa nìyẹn, àwa la máa ń wá rà á, àwa náà la sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí. Mo fẹ́ sọ pé èmi kọ́ ni mo tì í, pé màmá mi náà ń jẹ nínú ìyà rẹ̀. Ohùn kan náà là ń sọ, a jọ ń kí ara wa ẹ kú ọjà, síbẹ̀ ó ń wò mí bí ẹni tó wá yọ ọ́ lẹ́nu. Ó bó ọ̀kan fún mi ṣáá. Ó dùn, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ ẹ́ tán.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Rafíátù rí i pé mi ò lè yí ọrùn. Ó bi mí pé kí ló ṣe é, mo sọ fún un. Ó fi òrí gbígbóná pa á fún mi, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń ní dúsìmọ́ọ̀, dúsìmọ́ọ̀, bí Faransé ṣe ń pe jẹ́jẹ́. Àwọn ọkùnrin wa ń ta ayò ní ìta. Ó gbójú sí wọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé àwọn yẹn ò lórí ni?"

Etí ọ̀sà

Ọkọ̀ mẹ́sàn-án ló wà létí ọ̀sà lọ́jọ́ eré. Àwọn ìgbòkun wọn lẹ́wà, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ọsàn. Nígbà tí a ta tiwa, àwọn èèyàn kà á sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé Nàìjíríà ti rí ìrẹsì nígbẹ̀yìn. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ti di okùn mú, mo ti ń wo afẹ́fẹ́.

Mo tún wo àwọn obìnrin inú ọkọ̀ yòókù. Àwọn obìnrin tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sọ́jà ní ojoojúmọ́ ayé wọn ni o, apá wọn le. Ṣùgbọ́n nínú eré yìí, iwájú ni gbogbo wọn jókòó sí, wọ́n dé fìlà tuntun, wọ́n mú igbá ìgbọ́nmi lọ́wọ́, wọ́n ń juwọ́ sí èrò. Mo bi èyí tó sún mọ́ mi pé kí ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ àwọn ni kí àwọn pé mẹ́ta.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá eré dé, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn. Ó ń lọ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, ó ń kà wá. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó rí okùn lọ́wọ́ mi. Ó kọjú sí Kápẹ́nì, ó sọ ọ́ kíkan kí gbogbo etí ọ̀sà lè gbọ́.

"Obìnrin ló máa di okùn yín? Ṣé ọkùnrin ti tán ní Nàìjíríà ni?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Mo rí etí Kápẹ́nì tó pọ́n. Ìgbà tí ọ̀gá eré lọ tán ni Kápẹ́nì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n wá síwájú wá bá wọn gbọ́n omi, Wàsíù á di okùn.

Mo ní, "Kí ló yí padà?"

"Kò sóhun tó yí padà. Má jẹ́ kí wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀."

Èmi ni mo máa jẹ́ yẹ̀yẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí jù lónìí. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n kàn sọ̀ kalẹ̀. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, obìnrin ò ní pé mẹ́ta, ọkọ̀ náà ò sì ní lọ síbì kankan. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú mi wá náà ni agbára tí mo ní lórí wọn. Mo mọ̀ ọ́n, mo rí i kedere. Mo sì gbé igbá ìgbọ́nmi, mo lọ jókòó síwájú.

Orí omi

Ìdajì ọ̀nà àkọ́kọ́ dáa. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ jẹ́jẹ́, Wàsíù ń fa okùn, a wà ní ipò karùn-ún. Bá a ṣe yí igi tí wọ́n ri mọ́ àárín ọ̀sà po ni ìjì dé láti ẹ̀gbẹ́. Mo rí i lórí omi kó tó kàn wá, omi náà ṣókùnkùn. Mo kígbe pé kó dẹ̀ ẹ́. Wàsíù ò gbọ́, tàbí kò fẹ́ gbọ́. Ó ti ṣe ohun tí mo ti ní kó má ṣe láti Ìpókíà: ó ti wé okùn mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kó lè rí i fà dáadáa. Ìgbòkun gbé e, okùn fà, ó bó awọ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni bó iṣu sísè. Ọkọ̀ fì. Omi wọlé dé orúnkún Àlàbá.

Mi ò rántí bí mo ṣe dé ẹ̀yìn. Mo rántí pé okùn náà tutù, pé ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Mo dẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ lé ìjì náà díẹ̀, ọkọ̀ dìde. Mo ti ẹsẹ̀ mọ́ pákó, mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á padà. A ti di ẹ̀yìn gbogbo wọn. Tí ìjì bá dé, mo máa dẹ̀. Tó bá rọ̀, mo máa fà. A kọjá ọkọ̀ kan, a kọjá méjì. Nínú àwọn yòókù, àwọn ọkùnrin ń fi apá jà, wọ́n ń sinmi, wọ́n tún ń jà. A kọjá ìkẹta, títí a fi kọjá ìkẹfà. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn. Mi ò tíì mọ nǹkan kan lára bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ẹ̀gẹ́ tí mo ti rù láyé mi wà ní ẹ̀yìn mi lọ́jọ́ náà, wọ́n ń bá mi fà á.

A ti wà ní ipò kẹta, a ti ń gbọ́ ìlù àti ariwo èrò létí omi, nígbà tí Kápẹ́nì pè mí láti ìdí àjẹ̀. Kò pariwo. Ohùn ẹni tó fẹ́ tọrọ iyọ̀ ló fi sọ ọ́.

"Sìdí, fún Wàsíù ní okùn. Àwọn èèyàn ti ń wò wá."

Mo fún un. Ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni ò lù mí, ẹnikẹ́ni ò gbà á lọ́wọ́ mi. Mo nawọ́ okùn sí i, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tí kò gbọgbẹ́ gbà á, kò wò mí lójú. Mo padà síwájú, mo gbé igbá ìgbọ́nmi, a sì gúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gbé Wàsíù sókè. Ọ̀gá eré di ọwọ́ tó bó náà mú, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn lè rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ẹ wo ọwọ́ akọni, ẹ wo bí ọkùnrin ṣe ń di okùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá pe àwa obìnrin, wọ́n fún wa ní ìborùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní a kú ìbákẹ́gbẹ́. Nígbà tí mo ń wẹ ọwọ́, Wàsíù wá dúró tì mí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú." Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ lójú èrò. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mi ò kórìíra rẹ̀. Mi ò kàn ní gbàgbé pé ó dákẹ́.

Ìpadàbọ̀

Ìgbòkun náà ti mu omi. Aṣọ fùláwà tó wà láàárín rẹ̀ ti fa ọ̀sà wọn mu, ìwọ̀n rẹ̀ sì ti di méjì. Wọ́n fi ọ̀kadà gbé e dé ẹnu igbó, a sì dúró yí i ká. Kápẹ́nì mú àpò ìwé rẹ̀, ó fi àwo ẹ̀bùn ipò kẹta tí wọ́n fún wa kún un. Ó wá yíjú sí mi bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, ó ní, "Sìdí, ká òṣùká rẹ, ká máa lọ."

Mo ti ń ro ohun tí mo máa sọ láti ọ̀sà. Mo sọ ọ́.

"Ẹni tó di okùn dé èbúté ni kó ru ìgbòkun délé."

Kápẹ́nì tún mú ọ̀rọ̀ fàyàwọ́ jáde, ó ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n pa ọkùnrin kan sínú igbó. Mo ní kí wọ́n fi ìgbòkun sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Wàsíù bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ fi ọwọ́ kan gbé e, torí aṣọ ló wé mọ́ èkejì. Ọkọ inú tọkọtaya yẹn wo ìyàwó rẹ̀. Ẹrù náà ṣì wà nílẹ̀. Mo rò pé mo ti borí.

Ìgbà tí mo máa wò, Àlàbá ti tú gèlè rẹ̀, ó ti ń ká òṣùká. Ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́. Ó ní ẹ jẹ́ ká tètè lọ, ó kúnlẹ̀ sábẹ́ ẹrù náà, ìyàwó inú tọkọtaya yẹn sì bá a gbé e rù. Omi ọ̀sà ń ṣàn wálẹ̀ sí i lójú àti lọ́rùn. Àwọn ọkùnrin mí kanlẹ̀. Mo rìn lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo, inú ń bí mi sí i ju bó ṣe ń bí mi sí Kápẹ́nì lọ, ojú sì ń tì mí pé inú ń bí mi sí i. Nígbà tó yá, mo rí ọrùn rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ọmọbìnrin náà ò tó mi lára. Bó bá ṣubú pẹ̀lú ẹrù yẹn, ọrùn rẹ̀ ló máa kán.

Mo gbà á. Kápẹ́nì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ìwọ ni mo mọ̀. Obìnrin bí ọkùnrin."

Gbogbo ayé mi ni wọ́n ti ń fi gbólóhùn yẹn kí mi, mo sì máa ń ní ẹ ṣé. Lọ́jọ́ náà ló tó kàn mí lára. Ọkùnrin wo ni mo jọ? Mẹ́ta ló wà nínú igbó yẹn, kò sí èyí tó ru nǹkan.

Ilé

A jáde nínú igbó sí Ìhunbọ̀. Bọ́ọ̀sì tó máa gbé wa lọ sí Ìlaró ti wà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ de ìgbòkun. Mi ò dúró. Mo kọjá bọ́ọ̀sì, mo yà sí ìkóríta, mo lọ tààrà sílé màmá mi. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pè mí. Ẹ̀yin tó wà níta lọ́jọ́ náà rí mi. Mo wọ àgbàlá, màmá mi bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àpò rẹ̀ ni, ọwọ́ mi ló rán an, orí mi ló gbé e lọ, orí mi náà ló gbé e bọ̀. Ilé wa ni mo sọ̀ ọ́ sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá mi tẹ́ ẹ sínú oòrùn kó lè gbẹ. Nígbà tó gbẹ tán, ó wò ó, ó ní ó fẹ̀ dáadáa, ó sì da láfún lé e. Ohun tí mo sọ fún ọmọ kọ́sítọ́ọ̀mù yẹn ti wá di òótọ́.

Kápẹ́nì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ wá. Wọ́n ti pe ẹgbẹ́ náà sí eré tọdún tó ń bọ̀, kò sì sí ìgbòkun. Ó bẹ̀rẹ̀ kí màmá mi dáadáa, ó jókòó, ó mu omi. Mo sọ fún un pé mo máa lọ, ìgbòkun náà sì máa lọ, bí mo bá di okùn láti etí ọ̀sà dé etí ọ̀sà, lójú gbogbo èèyàn. Ó ní òun máa rò ó. Ó ní kí òun ṣì máa gbé ìgbòkun lọ ná, ká tó sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Màmá mi ò bá a jiyàn. Ó kó láfún rẹ̀ sínú agbọ̀n, kò ṣẹ́ kù. Ó gbọn ìgbòkun náà, ó ká a, ó fi okùn dì í, ó tì í síwájú Kápẹ́nì. Ó ní, "Ẹ gbé e."

Kápẹ́nì wo ẹrù náà. Ó wo ọ̀nà títì, níbi tó gbé mọ́tò rẹ̀ sí. Ó wo aṣọ rẹ̀ funfun. Ó wá bi màmá mi pé ṣé kò sí obìnrin kankan ládùúgbò tó lè bá òun rù ú dé ìdí mọ́tò.

Màmá mi ní kò sí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, mo di etí kan mú, ó di èkejì, a tẹ́ ẹ padà sínú oòrùn, a sì da láfún wa lé e.